Títún Ilé Ṣe Láì Da Onílé Rú

Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń jẹ́ Lagos Executive Development Board bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àtijọ́ tó fún mọ́ra wọn ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn lọ sí àwọn ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé tuntun gbayì ju ti àtijọ́ lọ, àyè sì gba ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1961, ohun tó rí kò dùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ di ẹrù, àwọn ẹbí tí ń gbé pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti fọ́n ká. Wọ́n tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ilé ń ṣe fún onílé dà rú.

Àwọn tí ń kọ sọ́fítíwíà mọ irú ewu yìí dáadáa. Refactoring ni wọ́n ń pe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ìwé Martin Fowler ti ọdún 1999 sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a tún inú kóòdù tò, kí ó lè rọrùn láti kà àti láti tọ́jú, láìjẹ́ pé ohun tí ó ń ṣe fún ẹni tó ń lò ó yí padà. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Ìtàn Docker fi hàn bí iṣẹ́ náà ti le tó.

Inú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni èrò Docker ti wá. Ní 1956, ọkọ̀ Ideal X tí Malcom McLean ni kó kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń gbé kọ̀ǹténà kò nílò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ará Èkó ń rí lójoojúmọ́ lọ́nà Àpápá. Nígbà tí Solomon Hykes fi Docker han aráyé ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ohun kan náà ló ṣe fún kọ̀ǹpútà: ó di sọ́fítíwíà pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Alábòójútó kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní daemon, ló di gbogbo iṣẹ́ mú. Bí ó bá kú, tàbí bí a bá dá a dúró láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹténà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á dúró pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi pín iṣẹ́ náà. Ní 2014, wọ́n kọ libcontainer láti rọ́pò LXC tí wọ́n gbára lé tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2015, wọ́n fa runc, ẹ̀yà tó ń gbé kọ̀ǹténà dìde, lé Open Container Initiative lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin 2016, Docker 1.11 jáde lórí runc àti containerd. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ẹ̀dà 1.12 ti fún ẹni tó bá fẹ́ láǹfààní kí kọ̀ǹténà rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ bí daemon tilẹ̀ dúró. Ní gbogbo àkókò náà, àṣẹ "docker run" tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ kò ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn àṣìṣe ṣe lè sọnù lójú ọ̀nà. Go ni èdè tí wọ́n fi kọ Docker. Nínú Go, àṣìṣe jẹ́ ohun tí ẹni tí a rán níṣẹ́ ń kó padà wá fún ẹni tó rán an. Ẹni náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè gbójú kúrò. Láti ìgbà tí Go 1.13 ti jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2019, èdè náà fúnra rẹ̀ ti ní ọ̀nà tí a lè gbà fi àṣìṣe kan wé òmíràn, kí oníkálukú fi ohun tó mọ̀ kún un, kí orísun rẹ̀ má sì parẹ́. Ìránṣẹ́ tó sọ pé "ọ̀nà kò dára" kò tíì jíṣẹ́. Kí ó sọ ibi tí afárá ti já.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Yábàá nìkan, níbi tí Co-Creation Hub ti ṣílẹ̀kùn ní 2011. Ní 2024, nígbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá mélòó kan ní Nàìjíríà pààrọ̀ sọ́fítíwíà tí gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò rí owó wọn lò fún ọjọ́ mélòó kan. Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ oníbàárà tí kò sì dé ọ̀dọ̀ alátà ní Sùúrùlérè, ohun tí alátà fẹ́ mọ̀ ni ibi tí owó náà wà àti ìgbà tí yóò padà. "Ẹ tún gbìyànjú" kì í ṣe èsì, nítorí ìgbìyànjú kejì lè di owó kejì.

Ìwé Marris ti 1961 jẹ́ ìròyìn àṣìṣe tó péye, ṣùgbọ́n ilé ti wó kí ó tó dé. Ẹni tó bá ń tún ohun tí aráyé gbára lé ṣe, kí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà tí ìṣòro yóò gbà ké jáde kí ògiri tó wó.