VLAN: Kí Ni Ìtumọ̀ Rẹ̀?

VLAN ni ìkékúrú Virtual Local Area Network. Ó ń pín switch kan ṣoṣo sí ọ̀nà púpọ̀, bí ìgbà tí a fi ògiri pín agboolé: àwọn tó wà ní VLAN 10 kò lè bá àwọn ti VLAN 20 sọ̀rọ̀ tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ̀rọ kan náà ni wáyà wọn wọ̀. Ìlànà IEEE 802.1Q ló ṣètò àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀. Bíìtì 12 ni nọ́ńbà VLAN gbà nínú àmì náà, ìdí nìyẹn tí èyí tí a lè lò fi mọ láti 1 dé 4094.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń há nínú Packet Tracer (ètò ìdánrawò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Cisco) ni bí VLAN méjì yóò ṣe gbọ́ra wọn. Rútà tàbí switch Layer 3 ni alárinà. Bí ping kò bá lọ, ẹ kọ́kọ́ wo gateway orí kọ̀ǹpútà: ó gbọ́dọ̀ bá àdírẹ́sì rútà fún VLAN yẹn mu. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ “show vlan brief” àti “show interfaces trunk” lórí switch. Ní tèmi, trunk (ìsopọ̀ tó ń gbé VLAN púpọ̀ kọjá) ló yẹ kí ẹ fura sí jù: bí ìsopọ̀ switch àti rútà bá ṣì wà ní access, VLAN kan ṣoṣo ló máa rí ọ̀nà kọjá. Lórí rútà, nọ́ńbà tó tẹ̀lé “encapsulation dot1Q” ló gbọ́dọ̀ bá ti VLAN mu, kì í ṣe nọ́ńbà subinterface (ẹ̀ka pọ́ọ̀tù rútà fún VLAN kọ̀ọ̀kan). Ẹ má sì gbàgbé “no shutdown”: pípa ni pọ́ọ̀tù rútà Cisco máa ń wà títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.