Ọ̀rọ̀ Tí Eré Ń Bí

Gé páálí onígun mẹ́rin ọgbọọgba sí ọ̀nà méje, bí àwọn ará Ṣáínà ti ń gé e fún eré àtòpọ̀ tí ayé mọ̀ sí tangram: onígun mẹ́ta márùn-ún, onígun mẹ́rin ọgbọọgba kékeré kan, àti onígun mẹ́rin kan tó fì sí ẹ̀gbẹ́. Kó wọn fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n tò ó padà. Kò ní pẹ́ tí ariwo á fi sọ: “Sún un síbí! Yí i! Dojú ẹ̀ dé!” Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni èdè-ìperí jiọ́mẹ́tírì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fẹ́ràn láti kọ́kọ́ wá orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ kó ṣáájú. Sún páálí, ó kúrò níbi tó wà láìyí padà; yí i, ó ń pòyì lórí igun rẹ̀ kan; dojú rẹ̀ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ di iwájú. Yorùbá ti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí olùkọ́ tó wọ kíláàsì. Fi ì- síwájú wọn, o ti ní ìsún, ìyí àti ìdojúdé. Onígun mẹ́rin tó fì yẹn ló sì ń fi ìdí ìyàtọ̀ wọn hàn, torí nínú méjèèje, òun nìkan lèèyàn lè yí títí tí kò ní wọ àyè rẹ̀ àfi tí a bá dojú rẹ̀ dé.

Pierre van Hiele àti ìyàwó rẹ̀, Dina van Hiele-Geldof, olùkọ́ ìṣirò ní Nẹ́dálándì, ṣàlàyé ní 1957 pé òye jiọ́mẹ́tírì ní ìpele. Ní ìpele kìíní, ìrísí lọmọ fi ń dá nǹkan mọ̀. Ní ìkejì, ó ń ka ohun tí nǹkan náà ní. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní èdè tirẹ̀. Èdè wa ní ti méjèèjì: ojú ló sọ róbótó, gbọọrọ àti ṣóńṣó; kíkà ló bí onígun mẹ́ta. Kí olùkọ́ má ṣe fi ọ̀wọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́ jáde.

Àlọ́ àpamọ̀ ló ń mú ọmọ ré kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. “Igun mi mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí ni mí?” Ọmọ kan á na onígun mẹ́rin ọgbọọgba sókè, òmíràn á na onígun mẹ́rin mìíràn tó fì, tí kì í ṣe ti tangram, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sì dọ́gba. Àwọn méjèèjì ló gbà á! Àríyànjiyàn tó bá tẹ̀ lé e ló ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ wa: kí ló ṣe ọgbọọgba, ẹ̀gbẹ́ ni tàbí igun? Mo dábàá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-dọ́gba fún èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, àti onígun-dọ́gba fún èyí tí igun rẹ̀ dọ́gba, bí ojú ìwé. Ọgbọọgba á wá jẹ́ ti èyí tó ní méjèèjì pọ̀.

Fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò kì í ṣe àlá lásán. Láti 1970, nínú iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa darí, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́.

Orúkọ tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti igun tó wà ní etí ìwé. Ọ̀rọ̀ tó tún ń jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni Gẹ̀ẹ́sì fi pè é. Bí a bá pè é ní igun ọ̀tún, ọmọ á máa wá ti òsì. Igun adúróṣánṣán sàn díẹ̀, ó rán wa létí ògiri. Ṣùgbọ́n yí páálí díẹ̀, kò dúró ṣánṣán mọ́, bẹ́ẹ̀ igun náà kò yí padà. Nítorí náà, fún ọmọ ní bébà tó ya ṣákaṣàka. Kó ṣẹ́ ẹ po, ojú ìṣẹ́po á gún. Kó tún un ṣẹ́ kí ojú ìṣẹ́po náà bo ara rẹ̀ rẹ́gí, igun ti jáde. Igun ìṣẹ́poméjì ni mo ń pè é. Bó bá tú bébà náà, á rí mẹ́rin irú rẹ̀ tó yí ojú kan ká, á sì mọ̀ fúnra rẹ̀ ìdí tí 90 dígírí fi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin 360 dígírí.