Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ inú kọ̀ǹpútà

Ní sáà tó kọjá, a kọ script kékeré kan tí yóò máa ṣe ẹ̀dà àwọn ìjálá tí a fi fóònù gbà sílẹ̀. A tan án ní alẹ́, a pa fèrèsé terminal dé, a lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fáìlì kan ṣoṣo ló ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó sun ìjálá náà ti di ará ọ̀run. Bí fóònù yẹn bá bàjẹ́, ohùn bàbá lọ nìyẹn. Kí ló pa script wa? Inú ìtàn ni a ti rí ìdáhùn.

Ní ọdún 1963, ní Project MAC ti MIT ní Amẹ́ríkà, ikọ̀ Fernando Corbató ní àwọn ètò tí ń dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Daemon ni wọ́n pè wọ́n. Inú ẹ̀kọ́ físíìsì ni wọ́n ti yá orúkọ náà, lára ẹ̀dá àfinúrò kan tí James Clerk Maxwell sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ń ya àwọn mólékù afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ láìsinmi. Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn. Àwa tí a mọ ohun tí ìtumọ̀ Bíbélì fi orúkọ Èṣù ṣe kò gbọdọ̀ tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni àwa ń pè é.

Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní 1969. Nínú Unix, ẹni tó bá fi àmì & parí àṣẹ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ náà sí abẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orí okùn tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Bí okùn bá já, kọ̀ǹpútà á ránṣẹ́ sí àwọn ètò onítọ̀hún pé ọ̀gá ti lọ, wọn á sì dáwọ́ dúró. Hangup ni orúkọ ìránṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àṣẹ nohup, kí ètò má baà kọbi ara sí i. Títí dòní, pípa terminal dé dà bí okùn tó já. Òun ló pa script wa.

Ọ̀nà kejì ni ti ètò tó ní ojú. Macintosh ọdún 1984 sọ àwòrán àti fèrèsé di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ilé-iṣẹ́ NeXT, tí Steve Jobs dá sílẹ̀ ní 1985, wá di ètò àti àwọn àwòrán rẹ̀ sínú fódà kan ṣoṣo tí olùlò ń rí bí ohun kan. Mac OS X jogún rẹ̀ ní 2001. Bí irú ètò yìí bá kú, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kò ní fèrèsé. Ó lè kú kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, àfi bí ẹ bá ní kó máa kọ àkọsílẹ̀.

Ní tiwa, a fi nohup síwájú àṣẹ wa, a fi & sẹ́yìn rẹ̀, a sì ní kó kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sínú fáìlì kan. Ohùn bàbá ti wà ní ibi mẹ́ta báyìí.