Síkẹ́ẹ̀tì tó ń gòkè: ìtàn àwọn aránṣọ tó mú kí obìnrin lè gun kẹ̀kẹ́

1/ Ẹ fojú inú wò ó: síkẹ́ẹ̀tì tó ń gbálẹ̀, yẹ̀rì méjì mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ohun tí ojú àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí nìyẹn ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn. Ẹ jókòó, ìtàn rèé 🧵

2/ Ní 1885, John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde: kò ga jù, ṣéènì ló sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Ní 1888, Dunlop mú táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú wá. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe wá rọrùn nìyẹn. Tọkùnrin tobìnrin ló bá fẹ́ gùn ún.

3/ Ṣùgbọ́n aṣọ ò gbà. Síkẹ́ẹ̀tì á wọ ṣéènì, á há sí táyà, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ sókè. Obìnrin ń ṣubú, wọ́n ń fara pa.

4/ “Kí wọ́n ṣáà wọ ṣòkòtò?” Háà, ẹ rọra o. Ní 1893, Tessie Reynolds, ọmọ ọdún 16, wọ ṣòkòtò péńpé gun kẹ̀kẹ́ láti Brighton dé London, ó sì padà, ní wákàtí 8 àti ààbọ̀. Dípò kí wọ́n máa yìn ín, ṣòkòtò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá jà.

5/ Ní 1897, wọ́n fẹ́ dìbò ní Cambridge bóyá kí obìnrin gba oyè yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ṣe ère obìnrin tó wọ ṣòkòtò lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n so ó rọ̀ sójú títì. Ìbò 1,707 ló ní rárá, 661 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di 1948 kí wọ́n tó fún wọn.

6/ Aṣọ là ń kí, ká tó kí èèyàn. Ní 1898, Lady Harberton, ìyàwó ọlọ́lá, gun kẹ̀kẹ́ dé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Surrey. Torí ṣòkòtò tó wọ̀, wọn ò jẹ́ kó jókòó níbi táwọn obìnrin yòókù ti ń jẹun. Ibi tí wọ́n ti ń mutí ni wọ́n ní kó lọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní 1899. Wọ́n pàdánù.

7/ Ibí ni aránṣọ ti wọlé. Alice Bygrave, aránṣọ ní London, gbọ́n ọgbọ́n kan ní 1895. Ó fi púlì kéékèèké àti okùn pamọ́ sínú ojú rírán síkẹ́ẹ̀tì, níwájú àti lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ẹ fa okùn, síkẹ́ẹ̀tì á káró sókè. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú u, ó ti délẹ̀ padà. Ta ló máa mọ̀? 😄

8/ Ó gbàwé lọ́wọ́ ìjọba pé òun ló dá a sílẹ̀, iléeṣẹ́ Jaeger sì ń rán an tà. Òun nìkan kọ́ o. Ní 1896, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti York, Mary àti Sarah Pease, gbàwé tiwọn: síkẹ́ẹ̀tì téèyàn lè bọ́ kúrò nídìí, kó fi bo èjìká bí aṣọ ìborùn.

9/ Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí rèé. Kẹ̀kẹ́ ò béèrè púlì, kò béèrè okùn. Ṣòkòtò lásán ti tó o. Gbogbo iṣẹ́ ọpọlọ tí Alice ṣe yẹn, ojú ayé ló ṣe é fún: kí obìnrin lè gun kẹ̀kẹ́ lọ, kó tún rí ibi jókòó jẹun tó bá débẹ̀.

10/ Lady Harberton fẹnu jà, Alice fabẹ́rẹ́ jà. Tẹ́ ẹ bá tún rí ẹni tó wọ ṣòkòtò lórí kẹ̀kẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò wẹ̀yìn wò, ẹ rántí àwọn méjèèjì.