Ibi tí a lè gun kẹ̀kẹ́ dé ní agbègbè Jọ́ọ̀sì: òkè, adágún omi àti ilẹ̀ oko

Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Napep. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Jọ́ọ̀sì àti Bukuru mọ̀ pé kò sí ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà tí oòrùn kì í ti í lé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wọlé kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàdúná, Bauchi, Lafia àti Àbújá náà lè gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ wá lópin ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń jáde ni pé: ọ̀nà wo ló dáa, èwo ni kò yẹ kéèyàn dá gùn? Ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ọ̀nà, ti afẹ́fẹ́ àti ti omi. Ní ti ààbò, ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló máa sọ fún yín, a ó sì dé orí ìyẹn.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí

Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà sí ojú òkun. Fún gbogbo 1,000 mítà tí ilẹ̀ bá fi ga, ooru máa ń dín tó nǹkan bíi ìwọ̀n 6. Ìdí nìyẹn tí pòtétò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé á máa mí hẹlẹhẹlẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe àìsàn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ díẹ̀. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó dojú kọ òkè.

Lórí ilẹ̀ gíga náà fúnra rẹ̀, ọ̀nà kì í le gan-an. Á gòkè díẹ̀, á sọ̀ díẹ̀, báyìí báyìí ni. Etí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: Shere Hills ní ìlà-oòrùn ìlú, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi 1,829 mítà, àti ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti já lọ sísàlẹ̀ lójijì.

Lamingo

Ẹni tí kò bá gùn ríbẹ̀ rí, Lamingo ni kó kọ́kọ́ lọ. Kò jìn sí àárín ìlú, ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá JUTH ni. Wọ́n sé odò síbẹ̀ fún omi ẹ̀rọ ìlú, adágún náà tẹ́ rẹrẹ, òkè Shere sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri. Ẹ lè lọ kẹ́ ẹ sì bọ̀ kí àwọn ará ilé tó jẹun àárọ̀ tán. Ẹ má gbìyànjú àtigun òkè Shere pẹ̀lú táyà tínrín o, òkúta ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ún.

Rayfield àti àwọn ihò kùsà

Láti Jọ́ọ̀sì sí Bukuru tó nǹkan bíi kìlómítà 15, Rayfield sì wà láàárín. Ohun tí àlejò ń pè ní adágún ní agbègbè yẹn, ihò kùsà ni púpọ̀ nínú wọn. Tánganran ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní kuza, àwa ń pè é ní kùsà. Ojú irin kékeré dé Bukuru láti Zaria ní 1914, ńlá tó ti Port Harcourt wá sì wọ Jọ́ọ̀sì ní 1927. Láyé iṣẹ́ kùsà yìí ni ọ̀pọ̀ bàbá wa, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, wá ń tajà níbẹ̀. Iṣẹ́ kùsà ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó dí ihò. Omi òjò ló kún inú wọn.

Wọ́n rẹwà, a ò purọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo koríko bá ti pọ́n, ẹ ó rí omi aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run, ẹ̀rọ afamisókè á máa dún tù-tù-tù létí rẹ̀, tòmátò àti kábéèjì á sì tutù yọ̀yọ̀ nínú oko. Àwọn àgbẹ̀ ló ń fa omi náà sí oko wọn. Ṣùgbọ́n etí àwọn ihò yìí dà gẹ̀rẹ́, ó ń yọ̀, amọ̀ rẹ̀ sì lè ya wọ omi pẹ̀lú ẹni tó dúró lé e. Kò sí ibi tí omi ti dé orúnkún kó tó dé àyà, ó kàn ń jìn lójijì ni. Ọmọdé ti kú sínú wọn, àgbàlagbà náà ti kú.

Ọdún kan, ẹni tí a jọ ń gùn fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti òkìtì kan létí omi kó lè ya fọ́tò. Kẹ̀kẹ́ yọ̀. Ó fẹ́ tẹ̀ lé e, a dì í lẹ́wù mú. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó fi owó oṣù méjì rà ni, kò sì sẹ́ni tó wọ omi lọ gbé e nínú wa. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí omi yìí, orí ọ̀dà ni kẹ́ ẹ ti máa wò ó.

Vom

Láti Bukuru, ẹ gba ọ̀nà Kuru lọ sí Vom. Nínú gbogbo àwọn ọ̀nà tí a ń dárúkọ yìí, èyí ló wù mí jù fún ẹni tó fẹ́ wo oko. Ilẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pòtétò níhìn-ín, acha lọ́hùn-ún, àgbàdo lẹ́yìn ilé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1924 wà ní Vom, màlúù kì í sì í ṣàjèjì lójú ọ̀nà. Ẹ dẹ ìrìn bí agbo ẹran bá ń kọjá, kẹ́ ẹ sì kí ẹni tó ń dà wọ́n.

Ẹ ó rí i pé igi orọ́ ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko ká. Wàrà rẹ̀ burú fún ojú. Bẹ́ ẹ bá ṣubú lù ú, ẹ má fi ọwọ́ nu ojú títí ẹ ó fi rí omi fọ̀ ọ́.

Ọ̀nà Riyom àti Hawan Kibo

Ọ̀nà yìí ló ń tan àlejò jẹ jù. Òun ló jáde láti Bukuru lọ sí Akwanga àti Àbújá. Àpáta Riyom, àwọn òkúta ńláńlá tó gun ara wọn lórí bí ẹni pé èèyàn ló tò wọ́n, wà ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Jọ́ọ̀sì. Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ dé ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti Bélú dé Èrèlé, ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni Riyom wà sí ìlú. Nítorí náà afẹ́fẹ́ á máa ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ní àlọ, á máa rò pé agbára òun ni. Àfi ìgbà tó bá yíjú padà. Ọyẹ́ á wá dojú kọ ọ́, eruku á wọ imú, ètè á là, omi inú ìgò á ti tán. Mo ti rí ọkùnrin géńdé tó jókòó sétí títì tó ń bẹ ọkọ̀ akẹ́rù. Lásìkò ọyẹ́, ìdajì omi àti ìdajì oúnjẹ kò tó láti fi pamọ́ fún àbọ̀ ní ọ̀nà yìí. Ẹ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta pamọ́. Lásìkò òjò, láti Igbe dé Ọ̀wàrà, afẹ́fẹ́ ti yí padà, àmọ́ òjò sábà máa ń dé lọ́sàn-án, tòun ti àrá. Ẹ tètè jáde, kẹ́ ẹ sì tètè wọlé.

Lẹ́yìn Riyom ni Hawan Kibo, ibi tí ọ̀nà ti ya kúrò lórí ilẹ̀ gíga tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Assop, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Assop tó nǹkan bíi kìlómítà 64 sí Jọ́ọ̀sì. Tírélà ń gba ibẹ̀, bírékì wọn sì máa ń já. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó bá wà níwájú tírélà tí kò ní bírékì, kò síbi tó fẹ́ sá sí: àpáta lápá kan, kòtò lápá kejì. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kẹ́ ẹ dúró lókè, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ padà. Bó bá pọn dandan fún yín láti sọ̀, kí ọkọ̀ kan tẹ̀ lé yín lẹ́yìn pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú, kí ọkọ̀ náà sì gbé yín gòkè padà. Ẹ má di bírékì mú láìjuwọ́sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ríìmù á gbóná, ọ̀rá inú táyà á sì bẹ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ le, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Barkin Ladi, Mangu àti Kerang

Tó bá jẹ́ ti ẹwà nìkan, ibí ni a ò bá kọ́kọ́ dárúkọ. Láti Bukuru, ọ̀nà gba Heipang níbi tí pápákọ̀ òfuurufú wà, ó gba Barkin Ladi, Mangu àti Panyam, kó tó dé Kerang. Àwọn òkè Kerang, òkè tó tú iná nígbà láéláé ni wọ́n. Ilẹ̀ tí iná yẹn fi sílẹ̀ dúdú, ó sì lọ́ràá.

Ṣùgbọ́n àgbègbè yìí náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Lọ́jọ́ àìsùn Kérésìmesì 2023, wọ́n pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní àwọn abúlé Bokkos àti Barkin Ladi. Mangu náà ti rí òfin kónílé-ó-gbélé. Riyom kò bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa tó wà ní Jọ́ọ̀sì ní 2001 àti 2008 kò nílò ìtàn lórí èyí. Nítorí náà, a ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ, a ò sì ní sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ lọ láé. Ohun tí a ń ṣe nìyí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, à ń pe ará wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú tí a fẹ́ dé. A kì í bi í pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" torí gbogbo Yorùbá ló máa dáhùn pé adúpẹ́. Ohun tí à ń béèrè ni pé, "Ṣé ọjà ná lónìí? Ṣé mọ́tò wọlé láti Jọ́ọ̀sì?" Bí mọ́tò kò bá ná ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ kò ní í ná an. Láàárọ̀, a tún béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Lójú ọ̀nà, ẹ sọ pé "Yaya hanya?" fún ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé, ìyẹn ni pé báwo ni ọ̀nà ṣe rí. Hausa yé gbogbo èèyàn níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá lè kí Berom ní ede Berom, tàbí kí Mwaghavul ní èdè tirẹ̀ ní Mangu, wọ́n máa ń yẹ́ ẹ sí.

Níbi tí ṣọ́jà bá dúró sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹ ṣí dígí ojú, kí káàdì ìdánimọ̀ wà nítòsí. Ẹ má ya fọ́tò wọn. Bẹ́ ẹ bá sì rí ilé tó jó létí ọ̀nà, ẹ má ya ìyẹn náà. Ẹni tó ni ín lè máa wò yín.

Ẹ má dá lọ, ẹ má sì pọ̀ ju mẹ́fà lọ. Kẹ́ ẹ ti kọjú sílé kí aago méjì tó lù.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀

Táyà mílímítà 23 tí wọ́n fi ń sáré kò dáa níbẹ̀, etí ọ̀dà ti jẹ. Ẹ lo 28 tàbí 32. Kí jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù ní eyín 32, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa ti kẹ̀kẹ́. Ẹ mú ọ̀rá táyà méjì, pọ́ǹpù, àti akoto tó bá orí mu. Àwọn tó ń lẹ táyà wà ní Bukuru àti Barkin Ladi, àmọ́ ti mọ́tò àti ọ̀kadà ni wọ́n mọ̀, fáàfù tínrín ti kẹ̀kẹ́ eré kì í bá pọ́ǹpù wọn mu. Ìdè kékeré kan tí wọ́n ń fi sí ẹnu fáàfù náà wà, kò wọ́n. Ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé yín kẹ́ ẹ má baà gbàgbé rẹ̀.