Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Gbọ̀ngàn Eré Ìgándò

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí wọ́n bá pa òwe yìí, ojú ọmọ ni gbogbo wa máa ń wò. Mo rò pé onílé gan-an ni òwe náà ń bá wí. Òun ló lówó lọ́wọ́, òun ló sì rò pé kí òun parí òrùlé ná, ọ̀rọ̀ ọmọ yóò tẹ̀ lé e.

Alímòṣọ́ ni mo fẹ́ mú òwe náà lọ. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ìjọba Èkó sì ta ko iye náà pé ó kéré. Láyé Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé, láàárín 2015 sí 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ dáwọ́ lé gbọ̀ngàn eré mẹ́rin: Ìgándò, Orégun, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ohun ayọ̀ ńlá ni. Ṣáájú ìgbà náà, ará Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá tó bá fẹ́ wo eré orí ìtàgé ní láti fara da sún kẹrẹ fà kẹrẹ dé gbọ̀ngàn eré ìjọba àpapọ̀ ní Igánmú tàbí kó sọdá sí Erékùṣù.

Ilé ti dúró. Ọmọ dà? Àwọn ọmọ ni olórí ẹgbẹ́ oníjó, onílù, akọrin àti eléré tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ nírọ̀lẹ́ sínú ọgbà ilé ìwé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ tó mọ ijó tàbí ọwọ́ tó mọ ìlù ló sọ ọ̀pọ̀ wọn di olórí. Ẹ ṣí ìwé owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wò: owó ọkọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó aṣọ eré àti owó ilé ìwé ọmọ olórí wà lójú ewé kan náà. Olè kọ́ o. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo owó ń wọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ó yẹ kó jẹ́ méjì.

Bẹ́ẹ̀ òfin kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, ẹgbẹ́ tí kì í pín èrè tó bá forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, láàárín 30 Okúdù sí 31 Ọ̀pẹ. Bí ìwà ìbàjẹ́ bá wọ ìṣàkóso rẹ̀, àjọ náà lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n dá àwọn alámòójútó dúró.

Kí a má rò pé ìlànà òyìnbó àná ni kíkọ́ olórí òṣèré. Ní 1962, òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti lórúkọ, ó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ó lọ jókòó fún oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó Rockefeller Foundation. Èso rẹ̀ ni eré Ọ̀mùtí, tí wọ́n mú jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tí Demas Nwoko bá wọn ṣe ọnà ìtàgé rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde ní 1963. Nígbà tó di 1969, eré náà dé Algiers. Àgbà ọ̀jẹ̀ tó gbà láti padà di ọmọ ilé ìwé, mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi.

Ṣùgbọ́n olórí nìkan ni wọ́n kọ́. Ògúnmọ́lá kú ní 1973. Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ eré mìíràn, kú ní 1978, ẹgbẹ́ tó gbé eré Ọba Kò So yí ayé ká kò sì tún ní okun tó ní nígbà ayé rẹ̀. Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ kí wọ́n má baà fi í sílẹ̀. Ó gbè é, àmọ́ ọgbọ́n tí a ò lè fi kọ́ ẹlòmíràn ni, ó sì bá a lọ ní 1990.

Ẹ wá wo Bisi Silva, olùṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà. Ó dá CCA Lagos, ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní, sílẹ̀ ní 2007. Láti 2010 ló ti bẹ̀rẹ̀ Àsìkò, ilé ẹ̀kọ́ alárìnká tó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti olùṣètò àfihàn láti ìlú dé ìlú ní Áfíríkà. Ó kú ní 2019, ilẹ̀kùn CCA kò sì tì. Ó ti kọ́ ènìyàn sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé.

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, àwọn ìjọba ìdàgbàsókè bíi Ìkòtún-Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, àti àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn Ìgándò ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹ̀kọ́ yìí: ìwé owó, òfin, lẹ́tà ìbéèrè ìrànwọ́, bí a ṣe ń pín iṣẹ́. Kí wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wá lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpè pé olórí tí kò bá mú igbákejì rẹ̀ dání kò ní wọlé.