Báìtì Kì Í Ṣe Lẹ́tà: Ìtàn Kíka Fáìlì àti Àkọtọ́ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé kọ̀ǹpútà kò fẹ́ràn àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, wọ́n sì tìtorí èyí pa àkọtọ́ tì. Ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka fáìlì fi hàn pé ibòmíràn ni ẹ̀bi náà wà.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú sínú fáìlì. Werner Buchholz ti ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó dá orúkọ náà, báìtì, sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹ̀rọ System/360, tí IBM kéde ní ọdún 1964, ni ó jẹ́ kí báìtì oníbíìtì 8 fẹsẹ̀ múlẹ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba nọ́ńbà kan láti orí 0 dé 255. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1963, ni wọ́n ti fi ètò ASCII lélẹ̀, tí ó ní àyè 128 péré fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, òǹkà àti àwọn àmì mìíràn. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Kò sí ɓ àti ɗ ti Hausa, kò sì sí ị àti ụ ti Ìgbò. Báyìí ni ó ṣe di àṣà láti ka báìtì kan sí lẹ́tà kan.

Nígbà tí Sun Microsystems gbé Java, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, jáde ní ọdún 1996, InputStream ni ó pèsè fún kíka fáìlì. Ìlànà read() inú rẹ̀ máa ń dá nọ́ńbà kan padà láàrin 0 àti 255, a sì dá -1 padà nígbà tí fáìlì bá tán. Kò bèèrè ohun tí báìtì náà dúró fún. Èyí dára fún àwòrán àti ohùn, ṣùgbọ́n kò tó fún ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1997, ẹ̀dà 1.1 mú Reader wá, InputStreamReader sì di afárá láti orí báìtì dé orí lẹ́tà.

Afárá yìí nílò àdéhùn. Ẹ̀dà kìíní Unicode, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, jáde ní ọdún 1991. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ètò UTF-8 ní ilé ìjẹun kan ní New Jersey. Nínú rẹ̀, lẹ́tà k gba báìtì 1, à gba 2, ẹ gba 3. Àmì ohùn tí a bá gbé lé ẹ tàbí ọ lórí tún gba 2 mìíràn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́, tí ó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú òǹkàwé, jẹ́ báìtì 11.

Bí ètò kan bá sọ báìtì kọ̀ọ̀kan inú ẹ di lẹ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, áº¹ ni yóò hàn. Bí ó bá ń ka báìtì 1024 lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń túmọ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan láìdúró de èyí tí ó tẹ̀ lé e, ó lè gé lẹ́tà sí méjì ní ààlà. Èyí tí ó burú jù ni ètò tí ó ń da gbogbo báìtì tí ó ju 127 lọ nù: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di k nìkan. Ọkùnrin inú ilé, irin-iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà yóò ṣègbé pọ̀.

Fún ọdún púpọ̀, bí a kò bá dárúkọ àdéhùn, Java máa ń gba èyí tí ó bá bá lórí ẹ̀rọ. Fáìlì tí ó já geere níbì kan lè dàrú níbòmíràn. Ẹ̀dà 18, tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ni ó sọ UTF-8 di àdéhùn tí a ń lò bí a kò bá dárúkọ òmíràn.

Ẹni tí ó ń kó àkójọ ọ̀rọ̀ tàbí ìwé atúmọ̀ èdè jọ gbọ́dọ̀ máa dárúkọ àdéhùn tí ó fi kọ fáìlì àti èyí tí ó fi kà á. Àmì ohùn kò sọnù nínú fáìlì tí a kọ dáradára; ẹni tí kò mọ bí a ti ń kà á ni ó sọ ọ́ nù.